Bẹ́ ẹ ṣe lè fi mílíìkì àti ọsàn wẹ́wẹ́ mọ ohun tí ásíìdì ń ṣe sí purotéènì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra mílíìkì màlúù líta 3 lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan lápá Akínyẹlé, àárọ̀ kùtù ni, mílíìkì yẹn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gosiló tá a bá pàdé lọ́nà lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré, Mikirá tí mo wọ̀ tún yà lọ ra epo, kí n tó dé Agbowó oòrùn ti mú, nílé ẹ̀wẹ̀ iná ò sí láti ọjọ́ méjì, fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sáré gbé e kaná kó má bàa bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò tíì hó tó fi já, funfun lọ́tọ̀ omi lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kan ọsàn kankan sí i o. Inú bí mi, mo pe ìyá lórí fóònù pé kí lẹ pò mọ́ mílíìkì yìí, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àǹtí, oòrùn ló pò nǹkan mọ́ ọn, ẹ lọ bá oòrùn jà."

Ìyá ló jàre. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò rí ti ń jẹ ṣúgà inú mílíìkì yẹn bọ̀ láti Akínyẹlé, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní láktíìkì, ó ti kan díẹ̀, ahọ́n ò tíì lè mọ̀ ọ́n àmọ́ purotéènì ti mọ̀. Iná tí mo wá gbé e kà ló parí iṣẹ́.

Mo ń ṣe lẹ́sìn fáwọn ọmọ SS2 àti SS3 ládùúgbò wa. Gbogbo wọn ló ní i nínú nóòtù pé ásíìdì máa ń ba purotéènì jẹ́, wọ́n á kà á geere bí orin, ẹ wá bi wọ́n pé báwo ló ṣe ń bà á jẹ́, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Látọjọ́ mílíìkì yẹn, kíṣìnì ni mò ń kó wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń dà pọ̀ mọ́ra níbí: kí purotéènì dì mọ́ ara wọn yàtọ̀, kí purotéènì tú yàtọ̀. Ásíìdì lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára purotéènì kan náà ló ti ń ṣe é nígbà gbogbo.

Kí n tètè sọ eléyìí: ní Ìbàdàn wàrà lè jẹ́ olómi, ó lè jẹ́ dídì. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mílíìkì ni olómi, wàrà ni dídì, kí ìjà má bàa sí.

Ẹ wá mílíìkì tútù líta kan àbọ̀ (tẹ́ ẹ bá rí oníyẹ̀fun nìkan ẹ pò ó, ó máa ṣiṣẹ́, kóró rẹ̀ ló máa kéré), ọsàn wẹ́wẹ́ bíi 5, zobo gbígbẹ ìkúnwọ́ kan, béékìn sódà díẹ̀, fíníga díẹ̀, ikàn méjì, asẹ́, aṣọ funfun mímọ́, ife onígíláàsì mẹ́rin. Mílíìkì tútù tó wá láti ara màlúù, ẹ ò gbọdọ̀ mu ún láìsè o, àìsàn bíi ikọ́ ẹ̀gbẹ lè bá a wọlé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi zobo ṣe ohun tá a máa fi mọ ásíìdì

Ẹ bu zobo sínú omi gbígbóná ife kan, ẹ jẹ́ kó rẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi atalẹ̀ sí i, kì í ṣe mímu là ń ṣe. Ẹ da ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú ife mẹ́ta, ẹ bomi lá gbogbo wọn. Ẹ fún ọsàn sínú àkọ́kọ́, ó máa pọ́n fòò. Ẹ da béékìn sódà sínú ìkejì, tẹ́ ẹ bá ní káun nílé òun náà máa ṣe é, àwọ̀ yẹn máa ṣú, á lọ sápá búlúù, á tún fẹ́ dà bí aró tó bá ewé pàdé. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa fi wé e.

Àwọn onímọ̀ ń fi nọ́ńbà tó ń jẹ́ pH wọn kíkan nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni Sørensen ará Denmark ló gbé e jáde lọ́dún 1909, lábù ilé iṣẹ́ ọtí bíà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, Carlsberg, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọtí ò wúlò fún nǹkan kan ẹ gbọ́ o. Omi lásán wà ní 7, tó bá wálẹ̀ ó ń kan sí i, tó bá gòkè ó ń lọ sápá káun. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní bíi 2 sí 2.5. Mílíìkì tó dáa wà ní bíi 6.6 tàbí 6.7. Ẹ ṣọ́ra nípa nọ́ńbà yìí ṣá, ìgbésẹ̀ kan ìlọ́po 10 ni, torí náà láti 6.7 wá sí 4.7 kì í ṣe pé ó fi méjì kan sí i, ìlọ́po 100 ló fi kan sí i.

Ẹ má da zobo yìí sínú mílíìkì láti dán an wò. Zobo fúnra rẹ̀ kan, ó máa já mílíìkì náà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe é rí, ó fẹ́ ṣe mílíìkì aláwọ̀ pupa fún bọ́ọ̀sìdéè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tó gbé jáde, mi ò ní júwe ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kẹ́ ẹ tó tan gáàsì, ẹ fọkàn yàwòrán purotéènì

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara ló ń sọ irú purotéènì tó máa jẹ́. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan gbé chájì nẹ́gétíìfù, àwọn kan gbé pósítíìfù, àwọn kan ò gbé nǹkan kan. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ò wá ní nà gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ó máa ká ara rẹ̀ bí gèlè. Gèlè tẹ́ ẹ wé dáadáa, pín-ìn-nì ló dì í mú níbí àti lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá yọ pín-ìn-nì, aṣọ ṣì jẹ́ aṣọ náà, kò ya, kò fá, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé lọ òde mọ́. Lára purotéènì, chájì pósítíìfù tó fa nẹ́gétíìfù mọ́ra wà lára àwọn pín-ìn-nì yẹn.

Ásíìdì wá jẹ́ ohun tó ń tú haidirójìn oníchájì pósítíìfù sínú omi. Bó bá ti dé, ó máa lọ lẹ̀ mọ́ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ onínẹ́gétíìfù, chájì wọn á pa rẹ́. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló yàtọ̀ láti ara purotéènì kan sí òmíràn.

Nínú mílíìkì màlúù, purotéènì tó pọ̀ jù ni kásíìnì, tẹ́ ẹ bá pín gbogbo purotéènì ibẹ̀ sí 10, bíi 8 ló jẹ́. Kásíìnì ò fi bẹ́ẹ̀ wé gèlè rárá, wẹ́rẹwẹ̀rẹ ló wà látilẹ̀. Wọ́n kàn ṣù jọ di bọ́ọ̀lù kéékèèké, kálísíọ̀mù ló sì ń bá wọn di ara wọn mú. Ara bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gbé nẹ́gétíìfù, tọ́kan bá sún mọ́ èkejì wọ́n á ti ara wọn dànù, bí orogún méjì tó ń gbé ilé kan, kálukú ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ìjà yẹn ni ò jẹ́ kí mílíìkì dì. Ìdá 2 tó kù nínú 10, àwọn tó máa ń bá omi lọ, àwọn yẹn gan-an ló wé gèlè, wọ́n wé e le.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ti gbígbóná

Ẹ gbé mílíìkì líta kan kaná, ẹ máa rò ó kó má jó nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí èyí kẹ́ ẹ ti fún ọsàn 2 tàbí 3 sínú ife, kẹ́ ẹ yọ kóró ẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi tó tó o lá a. Ẹ pa iná. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí híhó náà rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní tẹmọ́mítà, bíi 85°C.

Ẹ wá bu omi ọsàn ṣíbí kan, ẹ wọ́n ọn káàkiri, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Kò ní sí nǹkan kan. Ẹ má bínú sí i, ẹ ka iye kan dé ogún. Ṣíbí kejì, ẹ tẹ́ ojú yín wo ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń rò ó, ẹ máa rí kóró wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí yánmọtí bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ṣíbí kẹta tàbí ìkẹrin, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ti máa ń pariwo, torí kò já díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń já, funfun á ṣù jọ bí òwú, omi tó kù á mọ́, á ní àwọ̀ yẹ́lò tó fẹ́ ṣe bí ewé díẹ̀. Fítámì B2 ló fún un ní àwọ̀ yẹn, látìgbà tí mílíìkì ti wà lára màlúù ló ti wà níbẹ̀, funfun kásíìnì ló bò ó.

Tí omi náà bá ti mọ́, Ẹ̀YIN NÁÀ Ẹ DÁWỌ́ DÚRÓ. Tó bá ṣì funfun bí omi ògì, ẹ fi ààbọ̀ ṣíbí kún un. Èmi nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo da gbogbo omi ọsàn sí i pọ̀ọ̀, ohun tí mo rí kan gógó, ó ń wó lọ́wọ́ bí iyanrìn, idaji rẹ̀ gba ojú asẹ́ kọjá. Ìdí rẹ̀ ni pé ibì kan wà, ní pH bíi 4.6, tí nẹ́gétíìfù àti pósítíìfù ara kásíìnì fi dọ́gba rẹ́gí, ibẹ̀ ni ìjà orogún ti parí, tí wọ́n á fi dì mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá wá ń da ásíìdì lọ síwájú sí i, pósítíìfù á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lára wọn, ìjà tuntun dé nìyẹn, ẹni méjèèjì tó gbé pósítíìfù náà máa ń ti ara wọn. Ásíìdì tó pọ̀ jù ò túmọ̀ sí wàrà tó pọ̀ jù.

Nítorí pé ó gbóná, kò tiẹ̀ ní dé 4.6 kó tó já, iná ti bá yín ṣe apá kan iṣẹ́ náà, ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ Akínyẹlé nìyẹn. Iná ti tú gèlè àwọn ìdá 2 ọjọ́sí, wọ́n ti lọ lẹ̀ mọ́ kásíìnì, ìgbà tí kásíìnì ṣubú wọ́n jọ ṣubú ni. Ẹ sẹ́ ẹ sínú aṣọ, ẹ dì í, ẹ gbé ìkòkò omi lé e lórí fún wákàtí kan. Ẹ má da omi rẹ̀ nù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ti tútù

Ẹ má sè mílíìkì tó kù o. Tẹ́ ẹ bá sè é ẹ ti tú gèlè yẹn ná. Fún eléyìí, ẹ lo mílíìkì tútù tẹ́ ò sè, ẹ má jẹ ẹ́ ni, fún wíwò lásán ni. Ẹ fún ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Òun náà máa já, ṣùgbọ́n ó máa rọ̀ ju ti gbígbóná lọ, ó sì máa gba ọsàn jù. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá gbé omi tó kán sílẹ̀ yẹn kaná nínú ìkòkò mọ́gì kékeré. Kó tó hó, ẹ máa rí funfun tuntun tó ń léfòó níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da ẹyin sínú omi gbígbóná.

Ibo ló ti wá? Àwọn onígèlè le yẹn ni. Ásíìdì já kásíìnì, àwọn yẹn ò mira, wọ́n bá omi lọ, àfìgbà tí iná tú wọn. Ìdí tí mo fi sọ lókè pé dídì yàtọ̀, títú yàtọ̀ nìyí. Kásíìnì dì, kò ní gèlè tó máa tú. Àwọn yìí tú kí wọ́n tó dì. Ẹ jẹ́ kó yé àwọn ọmọ, torí ìdánwò máa ń bi wọ́n, wọ́n á sì ko méjèèjì sínú àpò kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá chájì náà padà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú wàrà ti tútù yẹn, ẹ fi omi ṣàn án kí ọsàn kúrò lára ẹ̀, ẹ fún un gbẹ. Ẹ bu ṣíbí ìmùkọ kan sínú ife, ẹ da béékìn sódà tó tó orí ṣíbí kékeré sí i àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣíbí kan. Á kọ́kọ́ hó fùfù díẹ̀, ẹ máa rò ó. Tó bá yá kóró kóró yẹn á yọ́, gbogbo ẹ̀ á di nǹkan tó ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ fi lẹ bébà méjì pọ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ wá gbìyànjú kẹ́ ẹ ya á. Gọ́ọ̀mù ni ó, gọ́ọ̀mù gidi, irú ẹ̀ ni wọ́n fi lẹ pákó ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé sódà gba haidirójìn tí ọsàn lẹ̀ mọ́ kásíìnì, nẹ́gétíìfù wọn padà, ìjà orogún tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fọ́nká sínú omi. Tẹ́ ẹ bá fi wàrà gbígbóná ṣe é kò ní yọ́ tó bẹ́ẹ̀, iná ti so àwọn kan pọ̀ mọ́ra tí sódà ò lè tú. Ẹyin tẹ́ ẹ ti sè, ta ló ti rí i kó padà di tútù rí?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ikàn, ká lè rí i nínú iṣẹ́

Purotéènì kì í ṣe ohun jíjẹ nìkan, òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn la ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ gé ikàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi ọsàn pa ìkejì lára, ẹ fi fíníga pa ẹ̀kẹta. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ti dúdú, ẹ́ńsáìmù inú ikàn ló bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, àwọn méjì tó kù mọ́ jù ú lọ. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi fíníga kún un ni pé ọlọ́gbọ́n ọmọ kan lè sọ pé fítámì C inú ọsàn ló ṣe é, òótọ́ sì ni pé ó bá a dá sí i, ṣùgbọ́n fíníga ò ní fítámì C, kíkan rẹ̀ nìkan ló ní.

Ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní bíi pH 5 sí 7, tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 3 ọwọ́ ẹ̀ ti rọ. Ásíìdì ti yí chájì ara rẹ̀ padà, kò lè di nǹkan mú bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ má wá lọ máa sọ kiri pé ásíìdì lòdì sí ẹ́ńsáìmù o. Èyí tó ń gé ẹran nínú ikùn wa, pẹ́písíìnì, àyíká pH 2 gan-an ló ti ń gbádùn iṣẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sínú ìfun kékeré níbi tí kò ti kan, ó ti tán fún un, tírípísíìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní bíi 8 ló máa gbapò ẹ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa rí ọmọ jòjòló tó pọ mílíìkì jáde, ó ti dì wẹ́rẹwẹ̀rẹ, wọ́n ní ọmú ìyá ẹ̀ ti kan, kó má fún un mọ́. Ọmú ò kan. Ikùn ọmọ ló já a, bó ṣe yẹ kó já a nìyẹn.

Àwọn tó kù tẹ́ ẹ máa bi mí

Ìbéèrè nípa bọ́mubọ́mu: rárá, wàrà tí àwọn Fúlàní fi ewé yẹn ṣe kì í ṣe ásíìdì ló já a. Ẹ́ńsáìmù ló wà nínú oje ewé náà, ó ń gé àwọn nǹkan bí irun tó wà lára bọ́ọ̀lù kásíìnì tó ń jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí wàrà yẹn ò fi kan. Oje yẹn ní májèlé, ẹ má fi dán nǹkan wò láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì yín.

Nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan tí wọ́n ń tà ní Sábó, ìyẹn ásíìdì ni, kòkòrò ló ṣe é, wọ́n fi í sílẹ̀ títí ó fi dé pH bíi 4.6. Wàrà sóyà náà ásíìdì ni, omidùn ògì tí wọ́n dà sínú mílíìkì sóyà tó ń hó ni, purotéènì sóyà náà sì máa ń dì ní bíi 4.5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ìgbésẹ̀ kẹta yẹn náà ni, ẹ kàn fi omidùn rọ́pò ọsàn, ó máa gba jù torí kò kan tó ọsàn.

Ó yá, wàrà ti gbígbóná ti le báyìí lábẹ́ ìkòkò. Ẹ gé e nígun mẹ́rin, ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ da á sínú òróró gbígbóná. Kò ní yọ́ bíi ṣíìsì inú písà, ásíìdì ti yọ kálísíọ̀mù tó lè jẹ́ kó fà, pípọ́n ló kàn máa pọ́n. Omi yẹ́lò yẹn, èmi fi ń se ìrẹsì, ẹ kàn dín iyọ̀ kù. Ata díndín ni mò ń fi jẹ wàrà náà, àwọn ọmọ lẹ́sìn sì ti mọ̀, ọjọ́ tá a bá ṣe eléyìí kò sẹ́ni tó ń pẹ́ dé.